Ṣé Ariwo Lásán Ni? Ọ̀rọ̀ Lórí Bug Ńlá Inú Géèmù Orí Íntánẹ́ẹ̀tì

Èyí ni àkọsílẹ̀ ọ̀rọ̀ tí a sọ lórí ètò wa ti ọ̀sẹ̀ yìí, fún ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn kíkà ju gbígbọ́ lọ.

Ẹni tó wà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, mo kí i. Ẹni tó ti délé, tó na ẹsẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, mo kí i. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi fóònù gbọ́ wa, tí ẹ sì tún ń gbá géèmù lórí fóònù kan náà, mo mọ̀ yín, mo kí ẹ̀yin náà. Ọ̀rọ̀ yín gan-an la fẹ́ sọ lónìí.

Ká ní o wà nínú ìdíje. Ẹ ti ku ẹni 2 péré, ọwọ́ rẹ ti fẹ́ ba ipò kìíní. Lójijì, géèmù dì gbagidi. Tàbí ká ní o fi owó ra nǹkan nínú géèmù, báǹkì ti yọ owó, àlẹ́ẹ̀tì ti wọlé, ṣùgbọ́n nǹkan tí o rà kò dé. O kọ̀wé sí iléeṣẹ́ tó ni géèmù, wọ́n ní kí o yẹ nẹ́tíwọọ̀kì rẹ wò, kí o pa fóònù kí o tún tàn án. O fẹjọ́ sun ẹ̀gbọ́n rẹ, ẹ̀gbọ́n wò ọ́ lójú, ó ní, “Nítorí géèmù lásán?”

Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ nìyẹn. Nígbà tí àwọn tó ń gbá géèmù bá ń ké pé bug ti ba nǹkan jẹ́ fún àwọn, ṣé ẹjọ́ wọn tọ́, àbí àṣejù ni wọ́n ń ṣe? Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Nítorí náà, a ó gbọ́ ti ọ̀tún, a ó gbọ́ ti òsì, ká tó sọ ibi tí òtítọ́ wà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ. Géèmù tí ẹ ń rí yẹn, àṣẹ tí ènìyàn kọ fún kọ̀ǹpútà ni. Bí ẹni tó kọ ọ́ bá ṣi àṣẹ kan kọ, tàbí tí kò rántí pé nǹkan báyìí lè ṣẹlẹ̀, géèmù á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ohun tí wọn kò rán an. Bug nìyẹn. Bug kékeré wà: orí akọni rẹ wọ inú ògiri, ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ kọjá lọ. Bug ńlá náà wà, òun ló ń gbé owó lọ, tó ń pa iṣẹ́ ọdún gbọọrọ rẹ́, tó ń jẹ́ kí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n gbá borí ẹni tó mọ̀ ọ́n gbá.

Géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì sì yàtọ̀ sí géèmù àtijọ́ tó jẹ́ pé inú ilé rẹ ni gbogbo rẹ̀ wà. Apá kan rẹ̀ wà lórí fóònù rẹ, apá kejì wà lórí sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà iléeṣẹ́ tó ni géèmù, ní ìlú tí o lè má dé láé. Ipò tí o wà, owó inú géèmù rẹ, aṣọ àti ìbọn tí o ti ń kó jọ láti ọdún 3, ibẹ̀ ni wọ́n kọ gbogbo rẹ̀ sí. Bí jẹnẹrétọ̀ rẹ bá bàjẹ́, o lè pe mẹkáníìkì. Bí sáfà bá bàjẹ́, ta lo fẹ́ pè? Ẹnu nìkan ló kù tí o lè fi ṣiṣẹ́. Ìdí nìyí tí mi ò fi fẹ́ ká tètè sọ pé ẹni tó ń pariwo kò níṣẹ́ ṣe.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹjọ́ kan tó lókìkí. Oṣù kẹwàá ọdún 2013 ni iléeṣẹ́ Rockstar ṣí GTA Online sílẹ̀, nígbà tó sì di ọdún 2015, ó dé orí kọ̀ǹpútà. Ẹni tó bá gbá a lórí kọ̀ǹpútà nígbà náà mọ ìyà tó wà níbẹ̀. Kí géèmù tó ṣí, o lè lọ se indomie, kí o jẹ ẹ́ tán, kí o sì fọ abọ́. Ìṣẹ́jú 5, ìṣẹ́jú 6, nígbà míì ó máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ènìyàn ráhùn títí, ọdún ń gorí ọdún. Èsì tí wọ́n sì ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ni pé: kọ̀ǹpútà rẹ ti gbó; íntánẹ́ẹ̀tì rẹ kò dáa; géèmù ńlá ni, ó gbọ́dọ̀ pẹ́ kó tó ṣí.

Nígbà tó di ìparí oṣù kejì ọdún 2021, ẹnìkan tó ń jẹ́ t0st lórí íntánẹ́ẹ̀tì pinnu láti wádìí. Kì í ṣe òṣìṣẹ́ Rockstar, àṣẹ tí wọ́n fi kọ géèmù náà kò sì sí lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kàn fi irinṣẹ́ wo ohun tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ń ṣe láàárín ìṣẹ́jú 6 yẹn ni. Ohun tó rí yani lẹ́nu. Géèmù náà ń ka ìwé ọjà kan, àwọn nǹkan tí ènìyàn lè rà nínú géèmù, bíi ọjà 63,000, nínú fáìlì kan tó tó MB 10. Kíkà rẹ̀ kọ́ ni wàhálà, bó ṣe ń kà á ni.

Ẹ fojú inú wo ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ kan ní ṣọ́ọ̀bù ní Balógun. Ọ̀gá ní kó ka ìwé ọjà. Ọmọ náà ka ọ̀rọ̀ kan, ó sáré lọ ka iye lẹ́tà tó kù títí dé òpin ìwé, ó tó padà wá ka ọ̀rọ̀ kejì. Ó ka ọ̀rọ̀ kejì tán, ó tún sáré lọ ka iye lẹ́tà títí dé òpin. Kò tán síbẹ̀ o. Ọjà yòówù tó bá fẹ́ kọ sílẹ̀, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi í wé gbogbo ọjà tó ti kọ tẹ́lẹ̀, bóyá ó ti kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan rí. Ọjà 63,000! Bí ẹ bá ṣírò ìfiwéra yẹn, ó sún mọ́ bílíọ̀nù 2. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò sí ọjà kankan tó wà nínú ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì.

t0st tún ibi méjèèjì ṣe fúnra rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Ìṣẹ́jú 6 wálẹ̀, ó di ìṣẹ́jú 1 àti ìṣẹ́jú-àáyá 50. Kọ̀ǹpútà kan náà, íntánẹ́ẹ̀tì kan náà. Ó gbé àlàyé rẹ̀ jáde kí gbogbo ayé rí i. Rockstar yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n gbà pé òótọ́ ni, wọ́n fi àtúnṣe náà sínú géèmù ní oṣù kẹta ọdún yẹn, wọ́n sì fún un ní 10,000 dọ́là.

Ohun tí mo fẹ́ ká mú nínú ìtàn yìí rèé. Ẹni tó ń gbá géèmù ló mọ ibi tó ń dùn ún, ṣùgbọ́n kò rí ohun tó fà á. Ẹni tó ṣe géèmù ló lè rí ohun tó fà á, ṣùgbọ́n kò dun òun. Ráhùnráhùn ni afárá tó wà láàárín àwọn méjèèjì. Bí ẹ bá wó afárá yẹn, bug á jókòó síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, á máa jẹ àkókò àwọn ènìyàn.

Ní ilẹ̀ tiwa níbí, ọ̀rọ̀ yìí tún ní ẹ̀yìn. Nẹ́tíwọọ̀kì wa ń ṣe ségesège lóòótọ́. Iná ń lọ, iná ń dé. Ọ̀pọ̀ wa ló sì ń lo fóònù tí àyè inú rẹ̀ kò pọ̀. Nítorí náà, nígbà tí iléeṣẹ́ bá sọ pé “ó lè jẹ́ nẹ́tíwọọ̀kì yín,” ojú ẹsẹ̀ la máa ń gbà. Àwa fúnra wa gan-an la máa ń kọ́kọ́ bú nẹ́tíwọọ̀kì. Bug sì ti rí ibi sá pamọ́ sí nìyẹn. Ẹni tó ní nẹ́tíwọọ̀kì tó dúró ṣinṣin ní ìlú òyìnbó á pariwo, wọ́n á gbọ́. Ẹni tó wà ní Mushin tàbí ní Mọ̀kọ́lá á pariwo nítorí bug kan náà, wọ́n á ní kó lọ ra dátà.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká gbọ́ tiwọn náà, nítorí àwọn tó ń ṣe géèmù ní ẹjọ́ tiwọn.

Àkọ́kọ́, ènìyàn díẹ̀ ló ń dán géèmù wò kó tó jáde. Lọ́jọ́ tó bá jáde, ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn ló máa wọ inú rẹ̀, oníkálùkù pẹ̀lú fóònù tirẹ̀ àti ìwà tirẹ̀. Wọ́n á ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kò rò. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2005, Blizzard fi ọ̀tá kan tó ń jẹ́ Hakkar sínú World of Warcraft. Ó máa ń kó àrùn ran àwọn tó bá wá bá a jà. Èrò wọn ni pé àrùn náà kò ní kúrò ní ibi ìjà yẹn. Wọn kò rò ó pé àwọn ẹranko ọ̀sìn tí àwọn ènìyàn ń mú lọ sójú ìjà lè gbé àrùn náà wọ ìlú. Ọ̀sìn gbé e wọ ìlú lóòótọ́. Àwọn tí kò tíì lágbára bẹ̀rẹ̀ sí í kú ní ìgboro, òkú sùn lọ bẹẹrẹ. Blizzard gbìyànjú láti ya àwọn tó ní àrùn sọ́tọ̀, kò ṣiṣẹ́, àfìgbà tí wọ́n pa sáfà tí wọ́n tún un tàn. Àwọn onímọ̀ ìtànkálẹ̀ àrùn pàápàá kọ ìwé nípa rẹ̀ lọ́dún 2007. Ṣé ẹnìkan lè dìde pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni? Rárá.

Ìkejì, kì í ṣe gbogbo ohun tó bá dì ni bug. Nọ́ńbà kan wà tí ẹ mọ̀ dáadáa, òun ni ping, ìyẹn àkókò tí ọ̀rọ̀ fi ń kúrò lórí fóònù rẹ dé sáfà kó tó padà. Nínú okùn fáíbà, ìmọ́lẹ̀ ń sáré tó nǹkan bíi 200,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Láti Èkó dé London, tí a bá fẹ́ wọ̀n ọ́n gbọọrọ, ó tó 5,000 kìlómítà. Àlọ àti àbọ̀ nìkan, ping rẹ ò lè dín ní 50, bó ti wù kí géèmù náà dára tó. Kò sẹ́ni tó lè fi àtúnṣe géèmù ra ọ̀nà kúrò nílẹ̀. Ẹ rántí ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024. Okùn íntánẹ́ẹ̀tì inú òkun, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ nítòsí Abidjan, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà bẹ̀rẹ̀ sí í rá pálá. Lọ́jọ́ yẹn, ẹni tó bú iléeṣẹ́ géèmù, aláìṣẹ̀ ló bú.

Ìkẹta, àyípadà tí kò dùn mọ́ wa nínú kì í ṣe bug. Bí wọ́n bá dín agbára ìbọn tí o fẹ́ràn kù, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. O lè bínú, àmọ́ má pè é ní bug.

Báwo la ṣe máa wá dá ẹjọ́ yìí? Èrò tèmi ni pé ohun 3 ló ń sọ bug di ọ̀ràn ńlá. Bí bug bá ti fọwọ́ kan ọ̀kan nínú wọn, ẹni tó ń ráhùn ní ẹ̀tọ́, ẹ̀rín ò sí níbẹ̀.

Ohun kìíní ni kí bug ba ohun ìní rẹ tó wà lẹ́yìn òde géèmù jẹ́. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2007, CCP, iléeṣẹ́ kan ní Iceland, gbé àtúnṣe ńlá kan tí wọ́n pè ní Trinity jáde fún géèmù EVE Online. Géèmù náà ní fáìlì tirẹ̀ kan tó ń jẹ́ boot.ini. Windows XP náà ní fáìlì tó ń jẹ́ boot.ini, òun ló sì ń júwe fún kọ̀ǹpútà bó ṣe máa jí. Àtúnṣe yẹn yẹ kó pa ti géèmù rẹ́. Nítorí àmì kékeré kan tí wọ́n ṣì kọ, ti Windows ló pa rẹ́. Àwọn kan pa kọ̀ǹpútà wọn lálẹ́, ilẹ̀ mọ́, kọ̀ǹpútà kò jí mọ́. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́, tí wọ́n fi ń kàwé! Ta ló máa sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé “géèmù lásán ni”? Ohun tí CCP ṣe dára: wọ́n fa àtúnṣe náà padà kíá, wọ́n ṣàlàyé ní gbangba bí ó ṣe ṣẹlẹ̀, wọ́n sì kọ́ àwọn ènìyàn bí wọ́n ṣe máa tún kọ̀ǹpútà wọn ṣe.

Ohun kejì ni kí bug ba ìdájọ́ òdodo ìdíje jẹ́, pàápàá níbi tí owó wà. Nínú Counter-Strike: Global Offensive, kóòṣì máa ń wo ìdíje láti ẹ̀yìn àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ nìkan. Bug kan wá wà tó lè mú kí ojú kóòṣì há sí ibì kan nínú pápá, tí á fi máa rí àwọn alátakò bí wọ́n ṣe ń bọ̀. Àwọn kan rí i, wọ́n dákẹ́, wọ́n lò ó. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2020, ESIC, àjọ tó ń rí sí ìwà òtítọ́ nínú ìdíje géèmù, fìyà jẹ kóòṣì 37 nítorí rẹ̀. Ẹ ronú nípa àwọn ọmọ tí wọ́n pàdánù níwájú irú kóòṣì bẹ́ẹ̀. Wọ́n á ti lọ sùn pé àwọn ò mọ̀ ọ́n gbá tó. Wọn kò mọ̀ pé ẹnìkan ń yọjú wo káàdì ọwọ́ wọn ni.

Ohun kẹta ni kí o sanwó, kí ohun tí o sanwó fún má ṣiṣẹ́, kí wọ́n sì kọ̀ láti dá owó padà. Nígbà tí Fallout 76 jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2018, bug pọ̀ nínú rẹ̀ bí eèrà lára ṣúgà. Àwọn ènìyàn ní ilẹ̀ Australia béèrè owó wọn, iléeṣẹ́ ní kò sí ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀ fún wọn. Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà dé iwájú ACCC, àjọ tó ń dáàbò bo oníbàárà níbẹ̀. Nígbà tó di ọdún 2019, ZeniMax, ilé tó ni géèmù náà, gbà pé ó ṣeé ṣe kí àwọn ti ṣi àwọn oníbàárà lọ́nà, wọ́n sì ṣèlérí láti dá owó padà fún àwọn tó ti kọ̀wé sí wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni Diablo III. Lọ́jọ́ tó jáde ní oṣù karùn-ún ọdún 2012, ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ti sanwó kò rí i ṣí, “Error 37” ni wọ́n ń rí. Ní Gúúsù Korea, ìjọba bẹ̀rẹ̀ ìwádìí, Blizzard sì gbà láti dá owó padà fún àwọn kan níbẹ̀. Ẹ wò ó, àwọn tó jókòó lórí àga ìjọba gan-an gbà pé ariwo yìí kì í ṣe ti ọmọdé.

Àwa ńkọ́? Nàìjíríà ní òfin tirẹ̀, òfin ìdíje ọjà àti ààbò oníbàárà ti ọdún 2018, òun ló gbé àjọ FCCPC kalẹ̀. Kì í ṣe ọjà orí àtẹ nìkan ni òfin náà ń wò, ó ń wo iṣẹ́ tí a sanwó fún náà. Kò sì yọ iléeṣẹ́ òkèèrè sílẹ̀ bí òwò wọn bá dé ọ̀dọ̀ wa. Ní oṣù keje ọdún 2024, FCCPC bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 220 dọ́là lé Meta, ilé tó ni Facebook àti WhatsApp. Ọ̀rọ̀ géèmù kọ́ o, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé ọwọ́ wa kì í ṣe ọwọ́ tí kò lè nà dé ibẹ̀. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó wú mi lórí jù. Ní ọdún 2010, Square Enix ní Japan gbé Final Fantasy XIV jáde. Ó burú. Ó ń falẹ̀, kò ṣeé lò, àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ti ń gbá Final Fantasy láti kékeré bínú gidigidi. Iléeṣẹ́ yẹn lè sọ pé àwọn ènìyàn kò mọ oore ni. Wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá àgbà wọn, Yoichi Wada, tọrọ àforíjì. Wọ́n dá owó oṣooṣù dúró fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n fi Naoki Yoshida ṣe olórí iṣẹ́ náà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2012 wọ́n ti géèmù náà pa, nígbà tó sì di oṣù kẹjọ ọdún 2013, wọ́n gbé e jáde lákọ̀tun. Títí di òní, ó wà lára àwọn géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì tí àwọn ènìyàn bọ̀wọ̀ fún jù. Ariwo àwọn tó ń gbá a ló gbà á là. Ká ní wọ́n dákẹ́ lọ sílé ni, ì bá ti kú.

Ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ bá ẹ̀yin náà wí díẹ̀, ẹ má bínú. Ẹjọ́ tó tọ́ lè bàjẹ́ lẹ́nu ẹni tó ń rò ó. Ẹni tó ń dáhùn lẹ́tà yín ní iléeṣẹ́ géèmù kọ́ ló kọ bug náà. Òṣìṣẹ́ lásán ni, bí ẹ̀yin tí ẹ ń dúró de owó oṣù. Kí o máa bú ìyá rẹ̀, kí o máa halẹ̀ pé o máa pa á, ìyẹn kì í ṣe ráhùnráhùn mọ́, ìkà ni. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹni tó pàdánù ìdíje kan ṣoṣo, tó lọ fún géèmù ní ìràwọ̀ 1, tó kọ “wọ́n ti ń yàn wá jẹ”. Ohun tí irú wọn ń ṣe ni pé wọ́n ń bo ohùn ẹni tí owó rẹ̀ sọnù lóòótọ́ mọ́lẹ̀. Iléeṣẹ́ ń gba lẹ́tà 1,000, tí 900 bá jẹ́ èébú, báwo ni wọ́n ṣe máa rí 100 tó kù?

Nítorí náà, ẹ gbọ́ bí a ṣe ń rojọ́ kí wọ́n lè gbọ́.

Kọ́kọ́ mọ̀ bóyá nẹ́tíwọọ̀kì ni àbí bug. Bi ara rẹ ní ìbéèrè mẹ́rin. Ṣé àwọn ápù yòókù ń ṣiṣẹ́ nígbà tí géèmù dì? Ṣé ibì kan náà ló ti máa ń dì lójoojúmọ́? Tí o bá pààrọ̀ láìnì, tàbí tí o lo Wi-Fi ọ̀rẹ́ rẹ, ṣé ó tún ń ṣẹlẹ̀? Ṣé ẹni tó wà ní ìlú mìíràn ń rí ohun kan náà? Tí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni sí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, bug ló jọ. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi nẹ́tíwọọ̀kì pa ọ́ lẹ́nu mọ́.

Lẹ́yìn náà, kó ẹ̀rí jọ. Gba fídíò ojú fóònù rẹ sílẹ̀. Kọ ọjọ́ àti aago. Kọ irú fóònù tí o ń lò àti nọ́ńbà àtúnṣe géèmù náà. Kọ ohun tí o ṣe ní tẹ̀lé-ń-tẹ̀lé kí bug tó yọjú, kí ẹni tó wà níbẹ̀ lè ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ kí ó sì rí i. “Géèmù yín kò dáa” kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. “Mo ṣí ìlẹ̀kùn báyìí, mo tẹ ibi báyìí, ó kú lẹ́ẹ̀mẹ́ta nínú mẹ́ta” ni onímọ̀ lè fi ṣiṣẹ́. Ẹ̀rí irú èyí ni t0st gbé jáde, òun ló ṣe ohun tí ariwo ọdún pípẹ́ kò lè ṣe.

Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ owó, má fi falẹ̀. Tọ́jú àlẹ́ẹ̀tì báǹkì àti ìwé ẹ̀rí ìsanwó. Lórí Google Play, láàárín wákàtí 48 tí o sanwó ló rọrùn jù láti béèrè owó padà, lẹ́yìn ìyẹn wọ́n á ní kí o lọ bá ẹni tó ṣe géèmù. Lórí Steam, ọjọ́ 14 ni wọ́n fún ọ, tí o kò bá tíì gbá a tó wákàtí 2. Tí gbogbo ìyẹn bá kùnà, FCCPC wà níbẹ̀.

Èyí tó kẹ́yìn: tí o bá rí bug tó ń da owó ọ̀fẹ́ sí ọ lọ́wọ́, má jẹ nínú rẹ̀. Jábọ̀ rẹ̀. O kò lè máa jẹ ẹ̀bà bug lálẹ́, kí o wá máa ké olè lọ́sàn-án.

Ìdájọ́ mi rèé, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi. Iléeṣẹ́ kò jẹ̀bi nítorí pé bug wà. Kò sí ọwọ́ ènìyàn tí kì í ṣàṣìṣe, okùn inú òkun sì lè já. Ohun tí wọ́n lè jẹ̀bi rẹ̀ ni ohun tí wọ́n ṣe lẹ́yìn tí a ti sọ fún wọn. Ẹni tó gbọ́, tó wádìí, tó ṣàlàyé, tó dá owó padà, ẹ jẹ́ ká ní sùúrù fún un. Ẹni tó gba owó rẹ tán, tó wá sọ pé fóònù rẹ ló burú, láì tiẹ̀ wo ẹ̀rí tí o mú wá, ké lé e lórí. Owó tí o fi ra dátà àti àkókò rẹ kì í ṣe ohun ìṣeré, bó tilẹ̀ jẹ́ pé eré lo fi wọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ké, kí o sì mú fídíò dání.

Bug wo ló ti dà yín láàmú jù, kí sì ni wọ́n sọ fún yín nígbà tí ẹ fẹjọ́ sùn? Ẹ fi ohùn yín ránṣẹ́ sí wa, a ó ka díẹ̀ nínú rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Kí bátìrì yín má kú láàárín ìdíje. Ó di ìgbà kan ná.